Sípíkà Méje Nínú Pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀ǹ, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀ǹ. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi Bùkárì ṣe máa ń ké bọ̀ láti ọ̀nà Esie nígbà tí mo wà ní kékeré. Irin pẹlẹbẹ tó bo ṣéènì rẹ̀ ti yẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì fi ẹsẹ̀ wà á ló ń gbá irin náà. Kí kẹ̀kẹ́ náà tó yọ ní ìyànà, ìyá wa á ti gbé omi iṣu kaná. "Bùkárì ti kọjá odò," ni wọn á wí, bẹ́ẹ̀ a kò tíì rí nǹkan kan. Orí irin iwájú kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo jókòó lọ sí ilé ìwé, títí ẹsẹ̀ mi fi gùn débi tó ń wọ́ nílẹ̀.

Ó ti pẹ́. Mo ti darúgbó sí Kánádà, nílé ọmọ mi Aliyah. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ní Òmù-Àrán, òun ni baálé agbo ilé wa. Ojú rẹ̀ ni kò sí mọ́. Àìsàn kan tí kì í dunni ló mú un. Ó ń jẹ ojú náà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí eku. Èmi, Jàrátù ìyàwó rẹ̀ àti Hafeezat ìyàwó Usamah ọmọ wọn, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nìkan la mọ bó ṣe le tó. Àwọn yòókù kò mọ̀, nítorí bí ènìyàn bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ti pè é lórúkọ kó tó kí i. Ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ tọkọtaya, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ wá. Ó máa ń sọ fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé òun kò rí wọn mọ́, ọjọ́ náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ níwájú òun.

Bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn jù láyé. Nílé Aliyah, sípíkà méje ló yí pálọ̀ ìsàlẹ̀ ká. Bí òjò bá ń rọ̀ nínú fíìmù, ẹ̀yìn ọrùn mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ní bí àwòrán bá ti kúrò lójú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí pápá ìṣeré fúnra rẹ̀ wá bá a níjókòó. Mo ra hóòmù tíátà irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Àwọn tó tà á sọ pé a lè lo sípíkà mẹ́ta, a lè lo márùn-ún, a sì lè lo méje. Méje ni mo mú. Mo wá ya àwòrán pálọ̀ náà látinú orí mi, èmi tó kúrò níbẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì lẹ́yìn, àga ẹ̀gbọ́n mi ní àárín gbùngbùn.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Ìlú àwọn ará ibí ni wọ́n ti ń gbé àga sáàárín ilé. Lọ́dọ̀ wa, ara ògiri ni gbogbo àga ń wà yí ká, ti baálé á sì dojú kọ ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí Mubashir tó ń bá wa tún iná ṣe wá to ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Jàrátù gbé fóònù sókè kí n lè máa wo ilé.

"Àkọ́wé, ọkọ mi," ó ní. Orúkọ tó fún mi láti ìgbà tó ti wọlé wa nìyẹn. "Ẹ wá bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ o. Wọn ò dìde lórí àga."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó di apá àga mú gírígírí. Mubashir dúró tì í pẹ̀lú dírílù.

"Bàbá, a kàn fẹ́ fà á síwájú díẹ̀ ni. Sípíkà méjì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn yín."

"Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe lẹ́yìn mi? Ṣé olè ni wọ́n ni?"

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná."

"Gàníyù, o fẹ́ gbé mi kalẹ̀ láàárín ilé bí ìkòkò tí wọ́n fi ń gbe òjò."

"Ìkòkò tó ń jò fúnra rẹ̀!" ni Jàrátù wí.

"Ìwọ obìnrin yìí, mo ń bọ̀ lórí ẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dìde. Mo rò pé mo ti borí.

Wọ́n fa àga náà. Mubashir to sípíkà lé orí àpótí ká lè gbọ́ ọ wò kó tó lu ògiri. Ó fi fíìmù kan sí i. Orin ló kọ́kọ́ dún, ẹ̀gbọ́n mi sì ń mi orí. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn kan ṣí nínú fíìmù, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ẹ̀yìn, kò, kò, kò.

"Ta nìyẹn?" Ọrùn rẹ̀ yí. "Bọ́ síwájú! Mo ní ta nìyẹn?"

"Fíìmù ni, Bàbá Usamah," ni Jàrátù wí.

Ẹnìkan wúkọ́ nínú fíìmù náà, lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi dìde fùú, ó na ọwọ́ síwájú, wáyà sì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Fóònù mì lọ́wọ́ Jàrátù. Àjà ni mo rí, mo rí ilẹ̀, kí n tó rí Mubashir tó ti gbá a mú níbàdí, tó ń gbé e padà sórí àga.

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn!" mo ké. Ọwọ́ Mubashir ti kún. Fíìmù ń lọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni Èyítáyọ̀ wọlé, obìnrin tí ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì dẹ etí sí ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Ó yíjú sí apá ibòmíràn. "Jàrátù, èyí ńkọ́? Ènìyàn ni àbí ẹ̀rọ?"

Èyítáyọ̀ gbé orí sókè. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó sì wò ó pẹ́.

"Èyítáyọ̀ ni," Jàrátù yára wí. "Ariwo burúkú yìí ló gba etí wọn."

"Ó dáa, mà. Mà á padà wá." Ó jáde, ó tún bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà.

Mubashir pa ẹ̀rọ náà. 

"Ẹ bá mi mú fìlà mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Esie. Abà mi. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀, ènìyàn ló ni ín."

"Ta ni yóò wà pẹ̀lú yín níbẹ̀? Kànga abà yẹn kò ní ìdérí!"

Ó ti ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ bó ṣe ké pe Timothy, ọlọ́kadà tó ń gbé lódìkejì títì. Mo ń pe "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n!" nígbà tí àwòrán dúró sójú kan, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já. Mo pè, kò wọlé. Mo tún pè.

Ohùn Jàrátù ló wọlé lórí Wáàsáàpù, ọ̀kadà ń kù lẹ́yìn rẹ̀. "Àkọ́wé, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kadà o. Mubashir ní ṣé méje náà ni, àbí márùn-ún? Ẹnu mi ò ká wọn mọ́, tiyín nìkan ni wọ́n lè gbọ́. Ojú ti lọ. Etí ni wọ́n fi ń ṣe baálé. Ẹ má gba ìyẹn náà."

Mo kọ "márùn-ún". Mo wò ó. Nínú márùn-ún, méjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀kan níhà ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí àwọn obìnrin ń gbà wọlé, ìkejì níhà ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ń fetí sí láti mọ ẹni tó ń bọ̀. Mo pa á rẹ́. Ó dùn mí láti pa á rẹ́. Mo ti pẹ́ jù lẹ́yìn odi. Mo fẹ́ kí nǹkan tèmi kún ilé náà láti igun dé igun. Mo wá kọ èyí, mo sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù Hafeezat:

"Hafeezat, sáré jáde, ka èyí sí bàbá yín létí. Ẹ̀gbọ́n mi, Gàníyù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Sípíkà mẹ́ta ni a ó lò, iwájú ni gbogbo wọn ó wà, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò ní sí ọ̀kankan lẹ́yìn yín, kò ní sí ọ̀kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mubashir á dá àga yín padà sára ògiri kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Kó di mẹ́rin tó kù sínú páálí. Ẹ ránṣẹ́ pe Èyítáyọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kó wá bá yín níjókòó níbi tó ti máa ń bá yín, kí ẹ sì pè é lórúkọ kó tó kí yín. Ẹ sọ fún Timothy kó pa ọ̀kadà."