Ìbuwọ́lù Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ọmọbìnrin yìí fi ń tún àṣìṣe kan ṣoṣo ṣe, tí kò sì tún un ṣe tán. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ṣe o. Ìfẹ́ ni kò jẹ́.

Ilé iṣẹ́ wọn ló ń kọ kóòdù, ìyẹn ìtọ́ni tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, sínú ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí àwọn tí etí wọn di ń lò. Òun ló ń ṣọ́ fáìlì tó ń pàṣẹ bí wọn yóò ṣe to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òṣìṣẹ́ méjì, tí wọn kì í ṣe èèyàn bí kò ṣe ètò inú kọ̀ǹpútà, ni fáìlì náà ń pàṣẹ fún: kọ̀ǹpáílà, tó ń sọ kóòdù tí èèyàn kọ di èdè ẹ̀rọ, àti asẹ́ńbílà, tó ń gba kóòdù tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èdè ẹ̀rọ gan-an kọ. Ìlà àṣẹ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń pín. Bí wọ́n bá ti fi àṣẹ tuntun kún un nítorí kọ̀ǹpáílà, asẹ́ńbílà á fárígá: "Mi ò mọ èyí." Iṣẹ́ á dúró gbagidi.

Fáìlì mẹ́ta péré ló ń lọ sọ́dọ̀ asẹ́ńbílà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ wọ́n, ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kó tó dé ẹnu. Wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka kejì, ìrìn odindi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó lọ kí òun tàbí ọmọbìnrin yìí tó sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n òfin ilé iṣẹ́ ni pé ẹni tó kọ fáìlì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu àtúnṣe tó bá kàn án. Nítorí náà, bí àṣìṣe bá ti yọjú, ọmọbìnrin yìí á lẹ àbùlẹ̀ tí kì í tọ́jọ́ mọ́ fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á fi ránṣẹ́, á wá jókòó bí ẹni ń retí lẹ́tà ìfẹ́.

"Mo ti rí i. Ó dára, Oníwàhálà."

Èsì rẹ̀ kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló ń pè é ní Oníwàhálà. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló ń gbé e dé ìparí oṣù.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ọ̀gá wọn wá dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

"Àbùlẹ̀ yìí ti pọ̀ jù. Tún un ṣe láṣetán kí a tó ṣíwọ́ lónìí."

"Ó dáa, sà."

Ìyá Ìbejì, tí tábìlì wọn jọ kọjú síra, dúró dìgbà tí ọ̀gá yí ẹ̀yìn padà, ó pòṣé.

"Àwọn ìbejì mi, oògùn tó ń wo ọ̀kan sàn, ara ló ń mú yún èkejì. Ṣé torí pé mo bí wọn pọ̀, kí n máa fi ṣíbí kan rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu ni? Ya àṣẹ wọn sọ́tọ̀, jàre!"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ti mọ̀ láti oṣù mẹ́sàn-án! Ṣé o rò pé ojú mi fọ́ ni? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lò ń wá, kì í ṣe àtúnṣe."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sí i lójú. Bó bá fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀, asẹ́ńbílà kò ní fárígá mọ́. Kò ní sí àbùlẹ̀, kò ní sí ìbuwọ́lù. Okùn tó kù láàárín òun àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gé e.

Ó rántí àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó lè gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Ó kọ ìlà kan fún kọ̀ǹpáílà, ó kọ òmíràn fún asẹ́ńbílà, ó sì ṣí gbogbo àbùlẹ̀ kúrò nínú fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́. Ó fi ránṣẹ́ fún ìbuwọ́lù ìkẹyìn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Lẹ́yìn náà ni èsì wọlé.

"Mo ti rí i. Ó dára, Oníwàhálà. Láti ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n ṣe. N kò sọ, torí ẹ̀rù ń bà mí pé o ò ní kọ̀wé sí mi mọ́."

Ìyá Ìbejì na ọrùn. "Kí ló wí?"

"Ó ti buwọ́ lù ú."

"Ìyẹn ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?"

Ọmọbìnrin náà gbé fóònù, ó jáde sí ẹnu àtẹ̀gùn. Ó pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, aago dún lẹ́ẹ̀kan péré kó tó gbé e.

"Ṣé ó tún ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá o. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́."