Ìdáhùn Ọ̀gá Bọ́tìnì

Kò sí ohun tí Ìyá Olùkọ́ mọ̀ ọ́n sọ tó ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló ti ń kọ́ni, bó bá sì ti dúró níwájú kíláàsì, ohùn rẹ̀ á ròkè bíi ti ẹni tó ń kiri ọjà. "Ẹ̀mí kan ò ju ẹ̀mí kan lọ. Ẹni tí kò bá lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀, ìwọ ni kó o bá a sọ ọ́." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pàtẹ́wọ́, orí rẹ̀ á wú, á tún gbogbo rẹ̀ sọ bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wá dán an wò. Àgbàlagbà ni, irun ti ń funfun lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré ni òye rẹ̀ ò ti kọjá ti ọmọdé. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà nítòsí ilé ló ti máa ń ṣa bọ́tìnì sọ́tọ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọ̀gá Bọ́tìnì. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ń wẹ̀ fún un, ó ń gé èékánná rẹ̀, ó sì ń kùn.

Nígbà tí òtútù àyà kọlu Ọ̀gá Bọ́tìnì, tí mímí wá di iṣẹ́ fún un, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, pe Ìyá Olùkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Mà, bó ṣe ń lọ yìí, kò ní pẹ́ tó máa fi nílò ẹ̀rọ tó ń báni mí. Ẹ̀rọ náà wà nílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ayé tí bọ̀dá yìí ń gbé. Lójú tèmi, ká kàn fún un lóògùn tí ò ní jẹ́ kó nira fún un, ká jẹ́ kó sinmi."

Ibi tó yẹ kí kìnnìún inú kíláàsì ti bú ramúramù nìyẹn. Ó lanu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣeun, dókítà. Ẹ jẹ́ n rò ó."

Kò tiẹ̀ ro nǹkan kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé òun á lè máa sùn di ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé. Ìtura náà dùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà á pé ó dùn mọ́ òun. "Ìwọ náà rèé," ó sọ fún ara rẹ̀, "alágbàwí aláìlóhùn. Ohùn tìrẹ gan-an ló kọ́kọ́ wọlé lọ sùn." Ó gbìyànjú láti to àwíjàre jọ: àánú ni, kì í ṣe ìwà ìkà. Àánú ta ni? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ irú èsì bẹ́ẹ̀, òdo ni ì bá fún un.

Ó dìde, ó lọ bá àbúrò rẹ̀. Àyà ọkùnrin náà ń lọ sókè sódò. Ìyá Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Yàtọ̀ sí "ṣé o ti yó" àti "ta ló da omi síbí", kò rántí ìgbà tó bi í ní ìbéèrè gidi kẹ́yìn.

"Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ bá ẹ mí. Ó máa dùn ẹ́ lọ́fun. O ò ní lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ṣé o fẹ́?"

Ọ̀gá Bọ́tìnì wò ó bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. "Mo fẹ́ mí," ó wí.

Ìyá Olùkọ́ padà lọ bá dókítà. "Ká ní èmi ni òtútù àyà yìí mú, ẹ̀rọ ńkọ́?"

"A máa lò ó fún yín, mà."

"Ṣé àyà àbúrò mi lẹ ń wò, àbí orí rẹ̀?"

Dókítà fọwọ́ nu ojú. "Mo ti rí àwọn tó jìyà kú sórí ẹ̀rọ yẹn, mà. Mi ò fi ìkà sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Èmi náà ti fẹ́ gbà fún yín. Ẹ bá wa lò ó. Tí kò bá ràn án lọ́wọ́ mọ́, ká tún jọ sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí Ìyá Olùkọ́ padà sí kíláàsì, ó ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ bi aláìsàn fúnra rẹ̀ léèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé, "Ẹni tí kò bá lè dáhùn rárá ńkọ́, mà?" Ọ̀rọ̀ dídùn ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. "Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù," ó wí, ó sì jókòó. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Nílé, wàhálà tuntun dé. Ọ̀gá Bọ́tìnì ti rí i pé wọ́n máa ń bi èèyàn ní nǹkan. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá mú ẹ̀wù wá, àbúrò á ká apá mọ́ àyà.

"Ẹ ò bi mí."

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ fẹ́ wọ èyí?"

"Rárá."

Ìyá Olùkọ́ sì yí padà, ó lọ mú òmíràn.