Òkúta Inú Ìkòkò Tòmátì

Èmi yìí, mo ti já tòmátì oko kan tán rí kí ìrì tó gbẹ lórí ewé. Nígbà tí oòrùn yọ, kò rí pupa kankan mọ́ láyé, àfi ìgbà tó wá tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá ìyàwó mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta péré wọlé.

"Ó dáa, Alásọdùn," ni wọ́n wí. "Ẹnu rẹ ti kórè tirẹ̀. Ó ku ọwọ́ rẹ."

Ojú Ìyá ti fọ́, etí ni wọ́n fi ń dáná. Lọ́dọọdún, bí tòmátì ẹ̀yìn ilé bá pọ́n, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á dé e pa, wọ́n á sì to ìgò sínú ìkòkò omi lórí iná. Òkúta kékeré kan tó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń jù sísàlẹ̀ ìkòkò. Bí omi bá ń hó, òkúta á máa ró kò-kò-kò. Ìyá á jókòó síta, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa gbọ́ ọ. Wákàtí kan gbáko ni òkúta gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìgò tí kò bá hó tó," ni wọ́n máa ń wí, "ikú ló ń tọ́jú de ẹ̀rùn."

Lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n fi síbi iná. Ooru yẹn lè yan ejò nínú ihò. Kò pẹ́ rárá tó fi sú mi. Mo fa igi jáde, mo yọ òkúta sínú agolo mílíìkì, mo jókòó sábẹ́ fèrèsé, mo ń mì ín. Kò-kò-kò. Ọwọ́ kan ń mi agolo, ìkejì ń ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́nu.

Ìyá wí láti ìta pé, "Iná yẹn dáa o."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ti agolo náà sórí pẹpẹ, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rùn dé, tí tòmátì kò sí lóko mọ́, mo wo pẹpẹ tí a to ìgò sí, mo rí ìdérí mẹ́rin tó wú bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́. Mo fi ìka tẹ ọ̀kan. Ó rì, ó tún dìde. Mo sin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ilé. Ìyá fọwọ́ ka ìgò, ogún ti di mẹ́rìndínlógún.

"Eku ni, Ìyá."

"Eku wo ló ń gbé ìgò?"

"Wọ́n pọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́nà fún wọn."

Àwọn ìgò tó kù ló dẹ́rù bà mí jù. Ìdérí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ iná kan náà tí kò tó ló se gbogbo wọn. Ta ló mọ èyí tí ikú wà nínú rẹ̀? Ìyàwó mi lóyún oṣù méje, tòmátì ló sì ń wù ú jẹ. Bó bá ní kí n ṣí ìgò kan fún òun, lónìí, mo ní ìdérí ti há. Lọ́la, mo ní pẹpẹ ń ṣàìsàn. Ẹnu tó ti pa erin mẹ́wàá lójúmọ́ kan kò lè bí òótọ́ ẹyọ kan.

Ní Sátidé, mo ti ṣọ́ọ̀bù bàtà mi dé. Ìgò kan ti ṣí lórí tábìlì. Ṣíbí pupa ń lọ sẹ́nu ìyàwó mi.

"Mo kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni," ló wí.

Mo fò. Tábìlì wà láàárín wa, n kò rántí pé mo kàn án. Mo gbá ṣíbí dànù, ẹ̀yìn mi gbá pẹpẹ, agolo já bọ́, ó ń yí lọ nílẹ̀. Kò-kò-kò.

Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà; ọwọ́ wọn dúró nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti kàn ọ́ lẹ́nu?"

"Rárá, Ìyá," ni ìyàwó mi wí.

"Má fọwọ́ kàn án mọ́." Wọ́n kọjú sí mi. "Kò síná nínú ilé yìí. Kí ló ń hó?"

"Eku ni, Ìyá."

Wọ́n táràrà títí wọ́n fi mú agolo, wọ́n da òkúta sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tó sán.

"Òkúta mi rèé," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́. "Alásọdùn, sún mọ́ mi."

Ìyàwó mi fọwọ́ bo ikùn rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ejò lórí ibùsùn. Ọwọ́ Ìyá kejì ti ń wá igi ìdáná. Mo gba ojú fèrèsé jáde. Mo ṣáà ń sá, mo sì ń gbọ́ Ìyá lẹ́yìn mi tí wọ́n ti da òkúta padà sínú agolo, tí wọ́n ń mì ín bọ̀, kò-kò-kò.