Itọ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

Ẹ̀gẹ́ ni Màmá Lábísí ń bó lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀ ní Ilobi, lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ fún un pé kàtúùnù tó ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti dáwọ́ dúró. Mofẹ́olúwa, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń ya àwòrán kàtúùnù náà, ló gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá láti Ìlaròó. Ó ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ wọn ti yọwọ́, ilé tẹlifíṣọ̀n sì ti fi ètò mìíràn sí àyè rẹ̀.

"Ó ku apá mẹ́rin tá a ti ṣe sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí," ni Mofẹ́olúwa wí. "Ọ̀gá ní àwọn máa kó wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ká sì gbà pé ibẹ̀ ló parí sí."

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ṣé Àṣàkẹ́ délé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Rárá, Màmá."

"Kí ló wá parí?"

Ọmọbìnrin náà jókòó ti ìyá ìyá rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ kejì, ó ń bá a bó ẹ̀gẹ́.

Ẹni tí kò bá wo kàtúùnù yẹn lè máa rò pé kí ló kan arúgbó nínú eré ọmọdé. *Àṣàkẹ́ Ń Lọ* ni wọ́n ń pè é. Ìyá àgbà kan ni, ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ọkùnrin làǹtì lanti, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ń bọ̀, wọ́n wo inú ilé títí, kò sí iyọ̀. Ta ló ń sọ ọmọ lórúkọ láìsí iyọ̀? Ni ìyá àgbà bá pe Àṣàkẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ní kó lọ bu iyọ̀ wá létí òkun. Ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kí itọ́ yìí tó gbẹ, kí o ti dé." Bí wọ́n ṣe ń rán ọmọ níṣẹ́ nìyẹn kí fóònù tó dé. Ọmọ á wo itọ́, á wo oòrùn, eré á bẹ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Ohùn Màmá Lábísí ni ohùn ìyá àgbà yẹn. Mofẹ́olúwa ló mú un lọ sí sítúdíò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọmọge tí wọ́n kọ́kọ́ pè ń fún ohùn wọn pọ̀ bí adìẹ tó gbé ata mì. Láti ìgbà náà, gbogbo òwúrọ̀ Sátidé làwọn ọmọ àdúgbò máa ń kún ìta ilé rẹ̀. Wọ́n á wo Àṣàkẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á yíjú wo Màmá, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin nìyẹn! Ẹ̀yin lẹ rán an!"

Ọ̀rọ̀ mìíràn sì tún wà ńbẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ tó yọ sí Màmá lọ́rùn ti ń tóbi, wọ́n sì ti dá Ọjọ́rú fún un ní ọsibítù pé àwọn máa gé e kúrò. Dókítà ò tàn án. Ó ní ibi tí ohùn ń gbà kọjá ni ọ̀bẹ máa gbà, pé ohùn lè padà bó ṣe wà, ó lè há, ó sì lè má padà rárá.

Nítorí náà nígbà tí wọ́n bó ẹ̀gẹ́ tán, Màmá nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó ní, "Mofẹ́, gbọ́ mi. Ẹni tó bá pa àlọ́ ló ń dé e. Ẹnu tèmi ni mo fi rán ọmọ yẹn jáde. Ẹnu tèmi náà ni màá fi gbà á wọlé, kí dókítà tó fọwọ́ kàn án."

"Màmá, wọ́n ti ń palẹ̀ sítúdíò mọ́."

"Wọn ò tíì pa ilẹ̀ èmi mọ́."

Ó ní kó kọ́kọ́ gbé àjẹkù náà, apá mẹ́rin tó ṣẹ́ kù, wá kóun fojú ara òun rí i. Ní Sátidé, Mofẹ́olúwa gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí àga níta, àwọn ọmọ sì pagbo. Nínú apá àkọ́kọ́, Àṣàkẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá odò Yewa pẹ̀lú ọ̀bọ tó ń bá a rìn. Nínú ìkejì, wọ́n dé ẹnubodè. Àwọn aṣọ́bodè dá ọ̀bọ dúró, wọ́n ní kó la ẹnu, pé ó kó ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè sẹ́rẹ̀kẹ́. Ọ̀bọ ń fi èdè Faransé bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí Husain, ọ̀kan nínú wọn, fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Nínú ìkẹta, ó dé òkun, ó bu iyọ̀. Nínú ìkẹrin, ó ń padà bọ̀ wálé, àárẹ̀ mú un, ó sùn sábẹ́ ìrókò kan, ó sì lá àlá pé òun ti délé, tí gbogbo ẹbí ń pàtẹ́wọ́ fún òun. Ibẹ̀ ni àwòrán dúró sí.

"Ó parí," ni Husain wí. "Ó ti rí iyọ̀."

"Ta ló ní ó parí?" Toheebat fún un lésì. Ọmọ ilé kejì ni, kò ju ẹni ọdún mẹ́jọ lọ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti gba òǹtẹ̀. "Ṣé òun ló fẹ́ fi iyọ̀ ọ̀hún mu gààrí ni? Kí lorúkọ ọmọ tuntun?"

"Ọmọ tuntun wo? Ọmọ yẹn á ti hu irùngbọ̀n."

"Pẹ̀lú irùngbọ̀n, kò lórúkọ! Wọ́n á máa pè é ní Ìwọ. Ìwọ, wá jẹun. Ìwọ, o ò tíì wẹ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ọrùn rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ túká, ọ̀rọ̀ Toheebat kò túká lọ́kàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlaròó, Mofẹ́olúwa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bá Mákindé, ọ̀gá sítúdíò, níbi tó ti ń ká wáyà. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìjọ kan kó tó gbé iṣẹ́ kàtúùnù. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá! Ẹ̀yin fúnra yín, nínú oòrùn yìí?"

"Mákindé, mo wá béèrè ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ."

"Ọmọ wo, ma?"

"Àṣàkẹ́. O fi í sílẹ̀ sábẹ́ ìrókò, òjò sì ti ṣú."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó gbé àga fún un. "Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àlá yẹn máa tó. Ó rí ilé, ó rí ẹbí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá ń wò ó á mọ̀ pé yóò délé. Mo máa kọ 'Ó Parí' síbẹ̀, ó máa dùn ún wò."

"Ọmọ tí a rán níṣẹ́ kì í fi àlá jíṣẹ́. Wọ́n fẹ́ fi àlá ṣe ìkómọ ni?"

"Màmá, ẹ tún rò ó. Ayé gan-an, kì í parí bó ṣe yẹ. Ẹlòmíì jáde nílé, kò padà wọlé mọ́."

"Òótọ́ lo sọ," ni Màmá wí. "Ìdí tá a fi ń pàlọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ bí ayé ṣe rí ni àlọ́ máa rí, kí la wá ń jókòó gbọ́ ọ fún? Ká kúkú yọjú sí títì." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Mi ò kẹ́gàn àjẹkù o. Apá ẹnubodè yẹn, mo rẹ́rìn-ín débi tí omi fi jáde lójú mi. Ó dára, ó tiẹ̀ dáa ju àwọn tẹ́ ẹ ti fi hàn lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti rẹ èèyàn lọ́nà, a kì í pè é ní ilé."

Mákindé fọwọ́ nu ojú. "Àwọn ayàwòrán ti lọ sí Èkó. Mofẹ́ nìkan ló kù. Àwòrán tó máa sáré fún ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ni."

"Ta ní kó sáré? Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà. Ilẹ̀ iwájú ilé, itọ́ lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ kan, ẹsẹ̀ àgbà kan. Ìyókù, ẹnu mi á gbé e."

"Ọ̀gá," ni Mofẹ́olúwa wí, "ilẹ̀ yẹn wà nínú apá tá a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló kù kí n yà. Mo lè ṣe é lálẹ́ òní."

Mákindé gbé wáyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò ṣàwàdà mọ́. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tú kókó kan. Itọ́ ọ̀hún. Ó ti ń lọ bí ọdún méjì tí ọmọ yìí ti ń rìn. Itọ́ ti gbẹ, Màmá. Bó bá délé báyìí, ó ti pẹ́, iṣẹ́ tí ẹ rán an ti bà jẹ́ nìyẹn. Ìyá àgbà tí gbogbo ọmọ mọ̀ pé kì í gba gbẹ̀rẹ́, kí ló fẹ́ sọ fún un?"

Màmá dìde, ó ní òun máa fún un lésì tí ilẹ̀ bá mọ́.

Lórí ọ̀kadà nígbà tí wọ́n ń padà, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè rẹ̀, ó ń ro ìyá tirẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ rán an lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn láti lọ gba ìṣáná lọ́wọ́ ìbátan wọn kan. Ìyá náà tutọ́ sílẹ̀ fún un bó ṣe máa ń ṣe. Òjò rọ̀, omi gba ojú ọ̀nà, ó dúró lábẹ́ àtíbàbà kan títí omi fi fà. Ọjọ́ kejì ni ó tó délé, ó ti ń sunkún láti ìsàlẹ̀ abúlé nítorí itọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ ò nà án. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Wò ó." Ojú ibẹ̀ tutù rínrin.

Fún ọdún gbọọrọ, ó gbà lóòótọ́ pé itọ́ ìyá òun mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ìgbà tí òun náà di ìyá ọmọ, tí ọmọ tirẹ̀ pẹ́ níta, ló tó yé e. Itọ́ kan kì í dúró de ọmọ. Ìyá ló ń dúró, tó ń tún itọ́ tu.

"Mofẹ́," ó kígbe sẹ́yìn nínú atẹ́gùn, "pe Mákindé. Sọ fún un pé kó máa bọ̀ lọ́la. Mo ti rí i."

Mákindé dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì pẹ̀lú máìkì rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ ìbora dí fèrèsé, wọ́n lé ewúrẹ́, wọ́n bẹ aládùúgbò pé kó pa ẹ̀rọ ata rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Leah, ọmọbìnrin tó máa ń sọ ohùn Àṣàkẹ́, ti rìnrìn àjò, nítorí náà Toheebat ni Màmá gbé síwájú máìkì. Mofẹ́olúwa ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ti yà á tán: ẹsẹ̀ kékeré méjì tó kún fún eruku, ẹsẹ̀ àgbà méjì tó ti sán, ilẹ̀ láàárín wọn.

"Itọ́ ńkọ́?" ni Màmá bi í.

"Màmá, ohùn itọ́ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," ni Mákindé wí. "Mo máa mú ọ̀kan."

"Itọ́ òyìnbó ni màá fi gba ọmọ mi wọlé? Gbé irin rẹ tẹ̀ lé mi."

Wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà. Toheebat, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, di etí ìró Màmá mú. Mákindé gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Màmá, mo dé o," ni Toheebat wí. "Iyọ̀ rèé. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé itọ́ ti gbẹ."

Màmá Lábísí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀, pẹ̀ẹ́.

"Wá wò ó," ó wí. "Ó gbẹ bí?"

Toheebat bojú wolẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọn ò kọ́ ọ. "Kò gbẹ, Màmá," ó wí wẹ́rẹ́, "ó ṣì tutù."

"O ti tètè dé nìyẹn. Gbé iyọ̀ wá." Ohùn Màmá há díẹ̀, ó sì tún là. "Ìwọ ọmọ tuntun tó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí, fi iyọ̀ yìí kan ẹnu. Dúródọlá lorúkọ rẹ." Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra itọ́ náà mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi dọ́gba. Ó wá kọjú sí máìkì bí ẹni kọjú sí ogunlọ́gọ̀. "Ibi tí mo rán an dé nìyẹn, ibi tó padà sí nìyí. Bí mo bá fi í sílẹ̀ sọ́nà, kí agogo ẹnu mi má dún mọ́ láé."

"Màmá!" Mofẹ́olúwa pariwo. "Ẹ má sọ ìyẹn! Ọ̀la lẹ ń lọ—"

"Ṣé mo fi í sílẹ̀ sọ́nà ni?"

Màmá fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fi ìka gbá a bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe: pó, pó, pó. Ó dún ketekete, ewúrẹ́ tí wọ́n lé lọ gbọ́ ọ, ó gbé orí sókè.

Mákindé dúró síbẹ̀, kò rántí pa máìkì. Màmá ti wọlé lọ, ó ń ká ìró rẹ̀ méjì sínú báàgì ọsibítù.