Ẹ̀wù Òtútù Lorna Haskett

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi Rudy Bergstad, awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé ní Duluth, ìlú olótùútù, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni obìnrin yẹn ń pa.

Àwa méjìlá ni wọ́n ṣà jọ láàárín ìlú láti dá ẹjọ́ Travis Obermeyer, ohùn gbogbo wa sì gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Pé ó ja báǹkì lólè kò ní àríyànjiyàn nínú. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Ẹ̀sùn kejì ló kù: pé ó fi ìbọn mú Lorna Haskett, òṣìṣẹ́ báǹkì náà, jáde lọ síbi ọkọ̀ tó fẹ́ fi sá lọ. Obermeyer ní irọ́ ni, òun àti Lorna ló jọ gbìmọ̀ pọ̀. Báǹkì sì ti ní kí Lorna lọ jókòó sílé títí a ó fi sọ tiwa. Bí a bá ní kì í ṣe túlààsì, ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́?

Adájọ́ Kessenich ka òfin náà sí wa létí, ó tún fún wa ní ìwé rẹ̀: "Bí ó bá fi ipá tàbí ìhalẹ̀ mú ènìyàn bá a lọ, tí onítọ̀hún kò sì fẹ́, ó jẹ̀bi. Ìbáà ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ìbáà ṣe máìlì mẹ́wàá." Ó ní ká lo làákàyè wa. Làákàyè! Ẹni tó gbé làákàyè lé àwa méjìlá lọ́wọ́ ti fi ajá ṣọ́ ẹran.

Fídíò báǹkì ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìbọn wà lẹ́yìn Lorna, àmọ́ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yà sídìí ìkọ́ aṣọ, ó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn, ó dé fìlà.

"Ẹ wò ó!" ni mo ké. "Ta ni wọ́n ń jí gbé tó ń dé fìlà?"

Bàbá Tveit, tí a fi ṣe olórí wa, mi orí. "Fìlà nìkan kọ́, Rudy. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ méjèèjì! Ìyàwó mi kì í múra ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀."

"Ojú ò tiẹ̀ tì yín," ni Màmá Marlys wí. Òun nìkan nínú àwa méjìlá ló gba Lorna gbọ́. "Ẹ ò rí i pé òtútù ń pa èèyàn níta ni?"

"Màmá, ẹni tí ìbọn wà lẹ́yìn ẹ̀ kì í rántí òtútù."

"O mọ̀ ọ́n! Ìgbà wo ni wọ́n na ìbọn sí ẹ rí?"

"Àwọn ọmọ tí mò ń fi bọ́ọ̀sì gbé burú ju ìbọn lọ."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, a ti di mọ́kànlá sí ẹyọ kan. Ìfura ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀. Mò ń fura sí Lorna, Bàbá Tveit ń fura sí lọ́yà, gbogbo wọn sì ń fura sí mi pé èmi ni mo jẹ dónọ́ọ̀tì tó ṣẹ́kù. (Èmi náà ni.) Màmá Marlys dìde, ó ní òun ń lọ fi gúgúrú sínú ẹ̀rọ amóúnjẹgbóná tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa. "Mi ò lè fi ebi bá òmùgọ̀ jiyàn."

Ó padà wá jókòó. Kò pẹ́, agogo iná han gooro! Èéfín gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Brody, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ wa, já wọlé.

"Iná! Ẹ jáde! Ẹ má mú nǹkan kan!"

Bàbá Tveit fò dìde bí ọmọ ogún ọdún, ó sáré, àmọ́ kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ló sá lọ. Ìdí ìkọ́ aṣọ wa ni. Gbogbo wa rọ́ tẹ̀ lé e. "Ta ló mú ìborùn mi?" "Fìlà mi nìyẹn, olè!" Èmi wà lábẹ́ tábìlì, mò ń bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí mi àti ìbọ̀wọ́ mi ti òsì. Brody pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ìgbà tí a dé orí yìnyín níta ni a tó wo ara wa. Síìpù Bàbá Tveit dé imú, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn.

"Bàbá Tveit," ni Màmá Marlys bi í jẹ́jẹ́, "ṣé tinútinú yín lẹ fi jáde?"

Bàbá wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì.

Gúgúrú ló jóná, kì í ṣe ilé ẹjọ́. Nígbà tí a padà wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí gbogbo wa fi fẹnu kò. Bàbá Tveit dìde níwájú adájọ́, ó ní Obermeyer jẹ̀bi ẹ̀sùn kejì. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, Lorna fi fìlà rẹ̀ bo ojú.

A ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn nígbà tí mo sún mọ́ Màmá Marlys.

"Màmá, ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi gúgúrú yẹn sí?"

"Mẹ́rìnlá."

"Gúgúrú oníṣẹ́jú méjì?"

"Ojú mi ò ríran mọ́, ọmọ mi. Nọ́ńbà ibẹ̀ ti kéré jù." Ó na ọwọ́ sí òpin òpópónà, níbi tí mi ò ti rí nǹkan kan ju funfun lọ. "Ó dàbọ̀ o. Bọ́ọ̀sì mi ló ń bọ̀ yẹn, nọ́ńbà mẹ́tàlá."

Mo dúró wò ó. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì náà sún mọ́ wa dáadáa, nọ́ńbà mẹ́tàlá ni lóòótọ́.