Iṣẹ́ Tó Ń Yàgò fún Gbogbo Iṣẹ́

Bí obìnrin yìí bá ti dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, kò tíì ní gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ tí yóò ti tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó lè wo ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ má rò pé èèyàn ẹlẹ́ran-ara ló wà nínú ẹ̀rọ o. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣírò òjò àti ìjì ni. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ka wọn, èyí tó wà nítòsí àtèyí tó jìnnà, ti ń ṣe iṣẹ́. Obìnrin yìí ni alábòójútó rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ẹ̀rọ. Tó bá ti tan kọ̀ǹpútà, orúkọ gbogbo iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ á tò síbẹ̀: iṣẹ́ ta nìyí, ta ló wà níwájú, ta ló wà lẹ́yìn. Ìyẹn ò kàn án. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ojú rẹ̀ máa ń sáré lọ, níbi tí orúkọ kan wà tí wọn ò fi àmì sí lórí: eyinju.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iṣẹ́ ńlá nínú ẹ̀rọ kì í dá rìn. Ńṣe ló máa ń pín ara rẹ̀ sí òwú, òwú kọ̀ọ̀kan á mú apá kan ìṣírò náà dání, gbogbo wọn á sì jọ máa lọ. Ètò kan wà tó ń pàṣẹ fún gbogbo ètò yòókù, alákòóso ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ lè ní kí alákòóso fún òwú kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí wọ́n má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Àwọn tí orí wọn pé a máa sọ tiwọn ní ìṣírò kìíní, ìṣírò kejì. Ọkọ obìnrin yìí ni kò fẹ́ ṣe bí èèyàn gidi. Eyinju kìíní ló sọ tiẹ̀, eyinju kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyinjú ló máa ń pe ìyàwó rẹ̀, ó sì ti gbé e wọnú ẹ̀rọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Gbogbo ọ́fíìsì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi sú wọn.

Ẹ̀ka tó wà létíkun ni ọkùnrin náà wà báyìí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní kó lọ lò níbẹ̀, kó máa bá wọn ṣírò ìgbì òkun. Oṣù mẹ́ta yẹn ti bímọ, ọmọ rẹ̀ náà ti ń bímọ. Nígbà tó ń lọ, ó ní káwọn jọ lọ. Obìnrin ní ta ni kóun fi ìyá òun tí ẹsẹ̀ ń dùn sílẹ̀ fún? Ọ̀rọ̀ di iyàn, iyàn dìjà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá gbé e, ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì dání, ó ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀ bóyá yóò sọ nǹkan. Ó sì sọ nǹkan lóòótọ́.

“Ọ̀gbẹ́ni, máa lọ. Ìwọ nìkan kọ́ lọkùnrin tó wà láyé.”

Háà! Obìnrin tí kì í pe ọkọ rẹ̀ ní nǹkan kan ju Olówó orí mi lọ. Ẹyin lohùn, kò ṣeé kó mọ́ tó bá ti fọ́. Ọkùnrin náà wọnú ọkọ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pera wọn lórí fóònù, bíi ti àwọn àlejò ni. “Ṣé dáadáa ni?” “Dáadáa ni.” “Màmá ńkọ́?” “Wọ́n wà.” Wọ́n á wá máa gbọ́ èémí ara wọn, ẹnì kan á sì ní ó dàárọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀. Agídí méjì nínú ilé kan, wọ́n ti wá di agídí kọ̀ọ̀kan nínú ilé méjì báyìí.

Ohun tó ń jẹ obìnrin náà lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ. Orúkọ yẹn tó ṣì ń jáde lójoojúmọ́, ìfẹ́ ni àbí ìgbàgbé? Èèyàn lè kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì dùn, kó má sì rántí pa á rẹ́ nígbà tó bá korò. Tó bá rí i láàárọ̀, inú rẹ̀ á dùn. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti máa ń bínú sí i. Tó bá sì ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, tí orúkọ náà ṣì wà nísàlẹ̀ tó ń fà díẹ̀díẹ̀, àárò ọkọ rẹ̀ á mú kó tún jókòó.

Ìyá rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀. Ìyá arúgbó náà kì í lè dìde láìdi ògiri mú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ló sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan tó wá jí i, “bẹ́ẹ̀dì tó tó báyìí, kí ló dé tóo lẹ̀ mọ́ ògiri bí aláǹgbá? Ta lo ń fàyè sílẹ̀ fún?”

“Mo kàn fẹ́ràn ògiri ni, Màmá.”

“Ògiri ò mọ̀ ọ́n dì mọ́ èèyàn, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ojú kọ́. Tó bá jẹ́ torí tèmi lo ò ṣe tẹ̀ lé e, má fi mí ṣe àwáwí. Ìjà yín ló ń dá ẹ dúró.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Màmá jẹ́ kóun lọ wẹ̀. Nínú balùwẹ̀ ló ti sunkún.

Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá wọn yọjú sí yàrá ẹ̀rọ, ó fi ara ti ilẹ̀kùn.

“Ìyá Ẹ̀rọ, àwọn ará etíkun ti fẹjọ́ wa sùn o. Wọ́n ní ìṣírò ìgbì, ìrọ̀lẹ́ ló ń tó wọn lọ́wọ́.”

“Ṣé ìdájí kọ́ làwọn apẹja ń wọ òkun ni, Ọ̀gá? Ìrọ̀lẹ́ ò ti tó ni?”

“Ó ti tó tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé síbẹ̀ ló ní ọ̀sán lòun ń fẹ́ ẹ. Ó ní bí ẹ̀rọ tiwa ò bá yá, àwọn á ra tiwọn, iṣẹ́ ọkọ ẹ á sì kúrò lórí èyí.” Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. “Wọ́n tiẹ̀ ti gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kó di ẹni ibẹ̀ pátápátá. Ọ̀la ló máa fèsì. Kò sọ fún ẹ ni?”

“Ó sọ fún mi, sà,” ni obìnrin náà wí. Irọ́ ńlá.

Bí ọ̀gá ṣe lọ ló pa ilẹ̀kùn dé. Ọ̀la! Ọkọ rẹ̀ fẹ́ di ará etíkun lọ́la, ẹnu ẹlòmíì ló ti ń gbọ́. Tó bá fọwọ́ síwèé yẹn, ó ti parí nìyẹn, tí wọ́n bá sì ra ẹ̀rọ tiwọn, kódà orúkọ lásán kò ní rí mọ́. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Bó bá ṣe pé nítorí ẹ̀rọ òun ló ṣe ń pẹ́, òun á tún un ṣe, kí wọ́n má rí ẹ̀bi kankan fi lé òun lórí.

Àṣé ọ̀rọ̀ ò sí lára ẹ̀rọ. Ẹ rántí alákòóso tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òun ló ń pín àkókò ẹ̀rọ fún iṣẹ́ gbogbo, olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀ lórí ìlà. Iṣẹ́ èyíkéyìí ló lè bẹ̀ ẹ́ pé, jọ̀ọ́, fi mí sẹ́yìn, jẹ́ káwọn yòókù máa kọjá. Kò sẹ́ni tí kò lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ti lọ sẹ́yìn báyìí, kò lè dá gbé ara rẹ̀ wá síwájú mọ́, àfi kí alábòójútó bá a gbé e. Nígbà tí obìnrin náà wo ipò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbẹ̀yìn gbogbo ìgbẹ̀yìn ni. Kódà ètò tó ń gbálẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tó ń kó pàǹtírí dànù, ń kọjá níwájú rẹ̀.

Ó ṣí ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ. Àṣẹ àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn: fi mí sẹ́yìn gbogbo wọn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àṣẹ tó ń sọ àwọn òwú lórúkọ.

Ìgbà yẹn ló rántí. Lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó, àyẹ̀wò ìrọ̀lẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe lórí ẹ̀rọ kì í tètè parí, torí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ti kún orí ìlà, kò sì lè lọ sílé tí kò bá parí. Oúnjẹ á ti tutù kó tó délé. Ó wá kàn ṣàdédé rí i pé àyẹ̀wò náà ti ń yá. Ó rò pé ẹ̀yà ara tuntun tí wọ́n rà sínú ẹ̀rọ ló ṣe é, ó tiẹ̀ pe ẹni tó tà á fún wọn, ó dúpẹ́ títí. Àṣé ọkọ rẹ̀ ló ń yàgò. Òun ni iṣẹ́ rẹ̀ tóbi jù lọ nínú ẹ̀rọ, ó lọ dúró sẹ́yìn kí ìyàwó rẹ̀ lè tètè délé. Kò sì lanu sọ! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí!

Ó tún rí nǹkan mìíì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà kẹ́yìn, ó tún ibì kan ṣe lábẹ́ àwọn àṣẹ méjèèjì yẹn gan-an. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ó lè ní òun ò rí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà? Ó rí i, kò gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé àga ọ̀hún ti mọ́ ọn lójú ni, kò tún rí i mọ́. Ọkàn obìnrin náà ń lọ síwá, ó ń lọ sẹ́yìn.

Ó pinnu pé òun á gbé e. Ó pàṣẹ fún alákòóso, ó gbé iṣẹ́ náà wá síwájú, ó káwọ́ gbera, ó ń retí. Kò sí ohun tó yí padà, ó ṣì ń fà. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó pòṣé sí ara rẹ̀. “Ìyá Ẹ̀rọ, Ìyá Ẹ̀rọ lásánlàsàn!” Bàbá ló gbé, ó gbàgbé àwọn ọmọ. Òwú kọ̀ọ̀kan ló ti jogún ipò ẹ̀yìn látìgbà tí wọ́n ti bí i, wọn kì í sì í bá bàbá wọn dìde tó bá dìde. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, eyinju kìíní, eyinju kejì, eyinju kẹta, ó ń pe orúkọ ara rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ nínú yàrá tí òun nìkan wà. Nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn, ìṣírò náà gbéra, ó ń sáré bọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó jáde lọ bu omi mu, ó bá àwọn tó wà ní kọ́rídọ̀ ṣàwàdà.

Nígbà tó padà dé, ìsàlẹ̀ ti ṣófo.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun ti bà á jẹ́. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, kò sí eyinju kankan. Ìṣírò ti parí ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó bá ti parí kì í dúró, ṣe ló máa ń kúrò lórí ìlà. Ọ̀sán ò tíì pọ́n, ọkọ rẹ̀ ti lọ. Ibẹ̀ ló ti wá yé e pé gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí tó ń rí i láti àárọ̀ títí dìgbà tó ń lọ sílé, torí pé ó wà lẹ́yìn ni. Òun ló gbé e síwájú, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ lé e lọ. Àárò bò ó, irú àárò tí kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ìjà. Ó gbé fóònù.

“Ṣé kò sí o?” ni ọkọ rẹ̀ sáré béèrè. “Ṣé Màmá ni?”

“Màmá wà.”

“Iṣẹ́ mi ti parí. Ìwọ lo gbé mi síwájú.”

“Èmi ni. Wọ́n ní ọ̀gá yín ń fẹ́ ẹ lọ́sàn-án.”

“Mo mọ̀. Ó ti pariwo lé mi lórí títí.”

“Kí ló wá dé tóò yọ ọ́? Àṣẹ kan ṣoṣo ni. Tóo bá pa á rẹ́, tóo tún un bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ẹ á yá. Àbí o gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ ni?”

Obìnrin náà ń gbọ́ ohùn òkun lẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

“N ò gbàgbé,” lọkùnrin náà wí. “Tí iṣẹ́ náà bá yá, á ti parí kóo tó jókòó dáadáa. Mo fẹ́ kóo máa rí mi títí tóo máa fi lọ sílé.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ìyẹn? Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ojú. Agídí tó ti ń gbé kiri látọjọ́ yìí bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Olówó orí mi.”

Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe mí kanlẹ̀.

“Ẹnu mi ló bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Jọ̀ọ́, má bínú. Má fọwọ́ síwèé yẹn. Wá sílé.”

“Àwọn ọkùnrin yòókù tó wà láyé ńkọ́?”

“Wọ́n ti yára jù.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ gidi, èyí tó máa ń mú èjìká rẹ̀ mì, obìnrin náà kò tíì gbọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti lọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ṣé àyè ṣì wà níbẹ̀, Ẹyinjú?”

“Ẹ̀bá ògiri ni mò ń sùn. Bi Màmá.”

“Dúró ná,” ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó pẹ́ díẹ̀, fóònù sì kú.

Ó ń wo fóònù náà bóyá yóò tún dún. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i. Iṣẹ́ tuntun kan ti wọlé sínú ẹ̀rọ láti ẹ̀ka etíkun, ó ti lọ dúró sẹ́yìn gbogbo wọn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ṣírò òjò, kò ṣírò ìgbì, kò ṣe nǹkan kan ju kó dúró lọ. Orúkọ rẹ̀, tí òun náà ò ní àmì lórí, ni monbonile.

Iṣẹ́ alábòójútó ni pé kó máa yọ ohun tí kò wúlò kúrò nínú ẹ̀rọ. Kò yọ ọ́. Ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ sílé lọ sọ fún Màmá.