Ta Ló Pa Á?

"Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ," ni Télọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ń wí. "Ẹnì kan béèrè pé, 'Ta ló pa á?' Ẹlòmíràn ní, 'Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.' Ọ̀run ni mo wà nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni mo tají."

Gbogbo ojú yí sí opó àkọ́bí wa, tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lájò báyìí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí àpótí yẹn lọ́kàn mi. Ibà ló mú kí Télọ̀ dákú lọ́sibítù, tí ọkàn rẹ̀ fi dúró díẹ̀. Obìnrin yìí nìkan ló jókòó tì í. Wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀ kó tó kó jáde nílé ọkọ rẹ̀.

"Fáànù ni mo pa," ló wí jẹ́jẹ́. "Òtútù ń mú un."

Bàbá wa kékeré, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, bi Télọ̀ bóyá ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ló gbọ́. Ó ní rárá, ohùn obìnrin ni. Ṣé ó rí ojú ẹnikẹ́ni? Ìmọ́lẹ̀ ló rí. Bàbá gba ọsibítù lọ. Nọ́ọ̀sì ní òun lòun béèrè ẹni tó pa fáànù, nítorí ooru mú inú yàrá. Agbálẹ̀ ló dá òun lóhùn. Opó ti jáde lọ ra oògùn Télọ̀ nígbà náà.

Bàbá kó ọ̀rọ̀ náà dé. Télọ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé nọ́ọ̀sì yẹn ti kú rí ni?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ló dá ẹjọ́ náà. Ìyàwó wa di ẹrù rẹ̀, ó bu omi tútù sínú ife Télọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì jáde. Kò sẹ́ni tó sìn ín dé títì. Yàrá rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ.

Nígbà tí òjò tún dé, ibà náà padà. A gbé Télọ̀ lọ sí ọsibítù, oníkálukú sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a débẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Aláìsàn tó wà lórí ibùsùn kejì ní ó ká jọ bí ọ̀kùn láti àárọ̀, ó ń sọ ìsọkúsọ.

"'Ẹ pa á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á.' Ohun tó ń wí ṣáá nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ó ń ránṣẹ́ ikú sí ẹnì kan, ni mo bá kọjú sí ògiri."

Lókè orí wa, fáànù ṣì ń fẹ́.